Àdúrà Màmá Nínú Kọ̀ǹpútà Ẹ̀gbọ́n Mi

Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi dà bí ilé tí wọ́n pín sí yàrá. Ímeèlì ní yàrá tirẹ̀, báńkì ní tirẹ̀, yàrá ìpamọ́ kan sì wà tí kò mọ ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì rárá. Bí olè bá wọ ọ̀kan, kò ní lè dé èkejì. Èmi ni mo kọ àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà náà fi ń tún àwọn yàrá yìí kọ́ fúnra rẹ̀, èmi náà ni mò ń bójú tó wọn. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń wakọ̀ láti ilé mi ní Alief lọ sílé rẹ̀ ní Mission Bend, lókè òkun níbí, láti wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí yàrá ímeèlì máa pa ohun gbogbo rẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ̀rù àwọn oníjìbìtì ń bà á ju ẹ̀rù ikú lọ. Ohun tó bá fẹ́ fi pamọ́, òun ni yóò gbé e lọ sí yàrá ìpamọ́.

Yàrá ímeèlì yìí ni àdúrà Màmá ń gbà wọlé. Nílé lọ́hùn-ún, ọmọ àbúrò wọn á gba ohùn wọn sórí fóònù, á fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ àkọ́bí nìkan. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn: ẹ̀gbọ́n ló ń gba iṣẹ́, òun ni yóò jẹ́ ẹ fún wa. "Màmá kí ẹ o, wọ́n gbàdúrà fún ẹ." Ó parí.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń move àwọn voice note Màmá sí yàrá ìpamọ́?"

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní computer?"

Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nílé tiwa, àgbà nìkan ló gbọ́n.

Nígbà tí Màmá ṣaláìsí, pásítọ̀ wa ní ohùn wọn ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ ìsìn ìdágbére. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá bá òun kó àdúrà wọn jáde. Mo ṣí yàrá ìpamọ́, ìwé ilé àti páṣípọ́ọ̀tì ló wà níbẹ̀. Mo ṣí yàrá ímeèlì, ó mọ́ tónítóní. Àwọn àṣẹ mi ti ṣiṣẹ́ wọn láìkù síbì kan, inú sì bí mi débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n gbé ẹ̀rọ náà fọ́ mọ́lẹ̀. Mo pe ilé. Fóònù ọmọ àbúrò Màmá ti kún, ó ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó ṣe bí àwọn àdúrà náà ti wà lọ́wọ́ brother.

"Mo rò pé tí mo bá ti ṣí i, ó ń save ara ẹ̀ ni," ẹ̀gbọ́n mi ń wí. Omi ń dà lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú rẹ̀ sì ń bí mi.

Mo ní, "Ó dáa, ẹ sọ ohun tí wọ́n máa ń wí nípa tèmi. Ìwọ̀nba tí ẹ bá rántí."

Ó wolẹ̀. Orí àkọ́bí ni Màmá ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà wá sílẹ̀, wọn kì í fo ẹnì kan. Èmi àbíkẹ́yìn ni wọ́n máa ń fi kádìí rẹ̀.

"Ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi ní Baytown jìn, mo sì gbọ́dọ̀ tètè jáde láàárọ̀," ó ní, "àdúrà Màmá sì máa ń gùn. Tí wọ́n bá ti ṣe tèmi tán, mo máa ń pa á níbẹ̀."