Oko Etí Odò Nìkan Ni Olúfúnmi Yẹ̀ Wò

Ọmọ Ẹrúnmu ni Olúfúnmi, ṣùgbọ́n láàbù ló ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, ní ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn kan lẹ́yìn Ṣáṣá. Lọ́dún 1998, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní PCR yẹ ewé ẹ̀gẹ́ wò, bóyá àrùn tó ń mú kí ewé kákò wà nínú rẹ̀. Oríṣi méjì ni àrùn náà, wọ́n sì jọra bí ìbejì.

Bàbá Sàníù, àgbẹ̀ kan ní Ẹrúnmu, kó ewé wá láti oko rẹ̀ mẹ́ta. Àrùn ti ba ẹ̀gẹ́ rẹ̀ jẹ́ lọ́dún tó kọjá, ó wá fẹ́ mọ oko tí òun lè gé igi ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ láti gbìn, torí inú igi ni àrùn náà ń bá dé oko tuntun. Kẹ́míkà tí ẹ̀rọ náà ń lò, èyí tó kù nínú fíríìjì, kò tó nǹkan, kò sì sí owó òmíràn.

Bí Olúfúnmi bá wá àrùn méjèèjì pa pọ̀ nínú ike kan, kẹ́míkà yóò kárí oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ èyí tó bá pọ̀ nínú wọn a máa bo èkejì mọ́lẹ̀. Bí ó bá wá wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èsì yóò dájú, ṣùgbọ́n oko kan ṣoṣo ni kẹ́míkà máa tó. Dókítà Oyèkúnlé, ọ̀gá rẹ̀, ní kí ó pa wọ́n pọ̀. Olúfúnmi kò fẹ́. Iṣẹ́ ààbọ̀ kò yàtọ̀ sí irọ́ lójú tirẹ̀.

Ó bi bàbá náà pé, "Bàbá, oko wo lẹ ti máa gé igi tẹ́ ẹ máa gbìn?"

"Ti etí odò ni."

Ọ̀rọ̀ parí. Ó yẹ ti etí odò wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò rí àrùn kankan. Inú rẹ̀ dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló wọkọ̀ lọ jẹ́ iṣẹ́ náà ní Ẹrúnmu.

"Alihamudulilahi," ni Sàníù wí, ó sì fún un ní àga. "Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ibẹ̀ kó o tó dé."

"Ṣé àwọn èèyàn ti ń tọrọ igi ni?"

"Ta ni kì í tọrọ?"

Ní Ẹrúnmu, wọn kì í ta igi ẹ̀gẹ́, wọn kì í sì í fi du ará àdúgbò. Láti kékeré ni Olúfúnmi ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò kàn rántí rẹ̀ ní láàbù ni.

"Kí lẹ wá fún wọn, Bàbá?"

"Ti oko méjì yòókù. Wọ́n ṣáà dára lójú, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa dúró de èsì. Gbogbo àdúgbò ló ti gé níbẹ̀. Ìyá rẹ náà ru tiẹ̀ lọ."

Olúfúnmi dìde lórí àga. Kò mọ ohunkóhun nípa oko méjèèjì. Ó béèrè bóyá wọ́n ti gbìn ín.

"Òjò ṣáà ti rọ̀," ni Sàníù wí.