Bàbá Rọra àti Jọ́ọ̀gì Ọsàn

Tí ẹ bá rí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ jòjòló, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tó ń wà á. Bàbá Rọra ni. Àwọn ọmọ tó ń kó ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí kọ́nà tó máa yà sí tí kò ní kọ́kọ́ sọ fún ara rẹ̀ pé, “Rọra, rọra.” Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà nídìí ọkọ̀ náà. Ó mọ ọmọ tí èébì máa ń gbé, ó mọ èyí tí kò gbọ́dọ̀ jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó sì mọ èyí tó máa ń purọ́ pé òun ti jẹun. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú ọkùnrin yìí, kó sọ fún un pé ó ti tó kó lọ sinmi nílé.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń yẹ ara àwọn awakọ̀ ilé-ìwé wò. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà wo èsì ẹ̀jẹ̀ Bàbá Rọra, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Bàbá, ṣúgà yín ti ń gòkè. Ẹ jáwọ́ nínú ẹlẹ́rìndòdò tí ẹ ń mu yẹn. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Tí kò bá wálẹ̀, mi ò ní lè fọwọ́ sí i pé kí ẹ máa kó ọmọ.”

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa ọkùnrin náà: ọjọ́ yẹn gan-an ló jáwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fun tó ti mọ adùn kì í gbàgbé bọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, rí i bó ṣe ń wo fìríìjì bí ẹni tó ń retí àlejò. Àánú rẹ̀ ṣe é.

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá máa fún ọsàn fún yín. Ohun tí Ọlọ́run so sórí igi, ibo ló ti fẹ́ pààyàn?”

Láti ọjọ́ náà, kó tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láàárọ̀, á ti fún ọsàn kún jọ́ọ̀gì ńlá kan. Bàbá Rọra á gbé e dání lọ síbi iṣẹ́, á gbé òfìfo bọ̀, á sì bá òmíràn nílé. Lójú tirẹ̀, oògùn ni. Ta ló sì ń fi oògùn tó dùn ṣahun? Ó wá di oníwàásù. Kò sí olùkọ́ tó bá pàdé lẹ́nu géètì tí kò ní sọ fún pé kó fi ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, kó wá mu júùsì.

Nígbà tí oṣù kan kọjá, ó ní kí òun lọ gbọ́ ìròyìn ayọ̀ ṣáájú. Ó gbé jọ́ọ̀gì rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó tún un wò.

“Bàbá, ó tún ti gòkè sí i.”

“Ẹ̀rọ yín ló ti bàjẹ́.”

“Ẹ̀rọ wa ò bàjẹ́, sà. Kí lẹ ń mu?”

“Júùsì ni. Ọsàn gidi! Ìyàwó mi ò fi ẹyọ ṣúgà kan sí i.” Ó gbé jọ́ọ̀gì sókè.

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. “Ọsàn mélòó ló ń kún un?”

“Á tó méjìlá.”

“Tí mo bá ní kí ẹ jókòó, kí ẹ fi ẹnu rún ọsàn méjìlá, kí ẹ sì gbé e mì, ṣé ẹ lè jẹ ẹ́ tán?”

“Kí ló dé? Ṣé ẹ rò pé mo ti darúgbó ni?”

Orí kunkun ò lóògùn. Bó ṣe délé, ó ní kí ìyàwó òun bó ọsàn méjìlá. Àkọ́kọ́ dùn. Ìkejì dùn. Nígbà tó dórí ìkẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Ní ìkẹrin, ó tú bẹ́líìtì, ó gùfẹ̀ gbàà, ó ní, “Jẹ́ n sinmi díẹ̀.” Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró lójijì. Ó wo àwọn ọsàn tó kù lórí tábìlì, omi sì kún ojú rẹ̀.

“Ṣé gbogbo èyí ni mo ń dà sí yín lára lójúmọ́? Ṣé ọwọ́ èmi náà ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín?”

“Ó tì o. Ìfẹ́ lo fi fún un. Èmi ni mi ò mọ̀wọ̀n ara mi.”

Àṣejù ni baba àṣetẹ́, Bàbá Rọra sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Kò kàn rò pé ọsàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya náà jọ lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ní ọsàn ò jẹ̀bi. Tí èèyàn bá rún un lẹ́nu, kì í pẹ́ yó, ṣúgà inú rẹ̀ á sì máa wọ ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀; tí wọ́n bá ti fún un, ṣe ló máa sáré wọlé. Ife kékeré kan pẹ̀lú oúnjẹ ò burú. Ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà náà lè ran ẹni tí ọ̀fun ń dà láàmú lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ kò yẹ kó fi í rọ́pò omi. “Omi ni kí ẹ máa mu, Bàbá. Omi ò lọ́tàá.”

Bàbá Rọra gbà. Ife júùsì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì àti ẹyin láàárọ̀, omi ní gbogbo ìyókù ọjọ́. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ló máa ń ra agolo ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà, á mu ún, á sì fajú ro. “Ó dùn bí irọ́ tí èèyàn rere pa,” ló máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ó padà sọ́dọ̀ dókítà. Ìyàwó rẹ̀ ti aṣọ àwọn oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bá a lọ. Dókítà ka èsì, ó gbé kálàmù, ó fọwọ́ sí i.

“Ó ti wálẹ̀ dáadáa. Ẹ máa kó àwọn ọmọ yín lọ.”

Bàbá Rọra di ọwọ́ dókítà mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a dúpẹ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọmọbìnrin kékeré tó máa ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

“Bàbá, wọ́n ní awakọ̀ mìíràn ló máa wá gbé wa.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èmi rèé. Wọlé, jókòó dáadáa.”

Ọmọ náà kọ́kọ́ dì mọ́ ọn lọ́rùn kó tó lọ jókòó. Bàbá Rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, kò sì wa ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀ títí tó fi rí ọ̀nà kedere.