Òòyà Ìyàwó Àbúrò Mi

Ẹ wá ibì kan jókòó sí, kí n sọ ti olóògbé ìyàwó àbúrò mi fún yín. Onídìrí ni l'Ẹ̀gbẹ́dá. Bó bá ń fetí sí ọ̀rọ̀, á ki òòyà bọ irun ara rẹ̀.

Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Àwọn èèyàn ń pè é ní agbéraga, oníbàárà sì ń dínkù. Ló bá fipá di ọlọ́yàyà. Lọ́jọ́ kan, ó ń dìrí fún obìnrin kan, ó ní: "Àǹtí, ọkọ yín ńkọ́?" Kò mọ̀ pé ọkọ ti kó jáde. Obìnrin náà dìde fùú, ó gbé irun ààbọ̀ lọ sílé.

Ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó wa ní, "Ẹ má bínú, àǹtí. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ni ni mí."

"O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lánàá, jàre! Ó yá, gbọ́."

Ó rojọ́, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, èrò ò dá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́.

Nígbà tí a ń pín ogún, àkọ́bí rẹ̀ aláròyé nawọ́ sí òòyà, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ fún àbúrò mi. Ẹnu tèmi kì í dákẹ́. Èmi á máa pe oníbàárà wọlé, òun á máa gbọ́ wọn."

Àbúrò rẹ̀ gba òòyà. Ó ki òòyà náà bọ irun ara rẹ̀.