Ìlú tí Ẹbí Ẹnìkankan Ò Sí

Nínú àwọn ìlú tí a lè lọ sinmi sí, Ìbàdàn la kọ́kọ́ pàdánù. Mi ò tíì dárúkọ rẹ̀ tán tí ọ̀rẹ́ mi, Màdáámú, fi ní kò ṣeé ṣe, ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ń gbé níbẹ̀.

"Ìbàdàn tó tóbi tó yẹn?" mo bi í. "Ṣé gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ ń gbé ni?"

"Tíṣà, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo wọ Ìbàdàn, tí mo lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, ìpàdé ẹbí ni wọ́n máa pè lé mi lórí. Wọ́n á ní kí ni àwọn ṣe mí."

"Lọ sùn nílé wọn nígbà náà."

"Kí n wá máa gúnyán fún èèyàn mẹ́wàá? Ṣé ìsinmi nìyẹn?"

Obìnrin tó bá ti ṣe ìyàwó ilé rí lọ́dọ̀ wa mọ ohun tó ń wí. Ìlú tí ẹbí bá wà, ọ̀dọ̀ wọn lèèyàn ń sùn, bó bá sì sùn lọ́dọ̀ wọn, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìgbálẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá yà sí òtẹ́ẹ̀lì ti bú gbogbo ilé nìyẹn, títí kan òkú.

Àwa mẹ́ta la fẹ́ rìnrìn àjò náà. Màdáámú ń ta rìmóòtù àti wáyà tẹlifíṣọ̀n ní ọjà Alaba l'Ékòó, ọjà náà sì ti wọ̀ ọ́ lóhùn: bó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹni tó wà ní òdìkejì títì á dá a lóhùn. Ẹnì kejì ni Tẹ́lọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ sí Igbó-Elérin, níwájú ilé tó ń gbé gan-an. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Iba, wọ́n sì ń pè mí ní Tíṣà bí ẹni pé wọn ò sọ mí lórúkọ rí. Okokomaiko la ti mọra, nínú ilé kan tí a jọ háyà nígbà tí gbogbo wa ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tí a jọ ń tò sídìí omi ẹ̀rọ kan ṣoṣo. A ti kó kúrò nílé náà tipẹ́, a ò kàn rí bí a ṣe máa kúrò lọ́dọ̀ ara wa ni.

Nítorí Tẹ́lọ̀ la ṣe ń wá ìlú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, iyè màmá náà sì ti ra. Bí gbogbo ayé bá ti sùn, màmá á dìde, á ní òun ń lọ sóko, á máa wá àdá kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tẹ́lọ̀ á dìde, á bá a wá àdá tí kò sí níbẹ̀, á tún rọra mú un padà sùn. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó tún di oko. Ọkọ Tẹ́lọ̀ ń wa tírélà lọ sókè Ọya, ọjọ́ tó ń lò nílé ò tó nǹkan. Ọdún kẹrin rèé.

Lọ́jọ́ kan mo gbé aṣọ lọ fún un, mo bá a níbi tó ti gbórí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí pẹ́dà. Mo fọwọ́ kàn án. Ó jí, ó wò mí, ó ní, "Ta ni yín?" Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ o. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó mọ̀ mí. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, mo ní ká lọ gba oògùn.

"Mi ò fẹ́ oògùn," ó ní nígbà tó yá. "Òru méjì ni mo fẹ́. Òru méjì péré tí ẹnìkankan ò ní pè mí."

Bí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí òun ń pè ní Ìbàdíàrán torí ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ ilé, gbà láti ti Ìjẹ̀bú-Òde wá dúró ti màmá. Ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú ni, nínú oṣù Ògọ́sì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ yanjú lórí fóònù: "Ìyàwó wa, ẹ lọ jìnnà o. Bí ẹ bá wà nítòsí, tí màmá bá ń ké pè yín, màá pè yín ni. Mo mọ ara mi. Ẹ lọ síbi tó jẹ́ pé bí mo bá tiẹ̀ pè yín, ẹ ò ní lè padà."

Tó bá ṣe tèmi náà ni, mi ò kọ ìsinmi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máàkì ìdánwò kíláàsì mẹ́fà tán ni. Nínú oorun gan-an, mo ń fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ nǹkan.

Ìgbà òjò la fẹ́ lọ, torí mo ti gbọ́ pé òtẹ́ẹ̀lì máa ń dínwó nígbà náà. Ìlú gan-an ni ò sí. Ìbàdàn ti lọ. Abẹ́òkúta, ẹ̀gbọ́n ọkọ tèmi wà níbẹ̀, ọkọ mi pàápàá fẹ́ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde, a ò tiẹ̀ ní dárúkọ ìyẹn. Òṣogbo, ọ̀rẹ́ ìyá Tẹ́lọ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ń gbé níbẹ̀, bó bá rí i bó ṣe rù yìí, ẹkún ni. Màdáámú ní ká kúkú gba ojú títì yìí lọ sí Kútọnu. Tẹ́lọ̀ ò ní pásípọ́ọ̀tù, èmi ò ní agbára àtidúró ní bọ́dà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń dárúkọ ìlú lórí gúrúùpù wa, bí a bá ti dárúkọ ọ̀kan báyìí, ẹbí kan á yọ jáde níbẹ̀. Ó rẹ̀ mí. Ó wá ń ṣe mí bíi pé èèyàn wa ti pọ̀ jù láyé.

Àkúrẹ́ ló wá ṣẹ́ kù. A wádìí ara wa bí ọlọ́pàá: kò sí àna, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹni tó tọ́ni. Mo pe òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀, mo fi í sórí sípíkà.

"Ẹ̀yin màmá," ọkùnrin tó gbé e ní, "àsìkò yìí kẹ̀? Òjò ń rọ̀ o."

"Òjò ló jẹ́ ká fẹ́ wá."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kò sẹ́ni tó ń ṣègbéyàwó nínú òjò, yàrá kàn ṣófo ni, òun máa dínwó fún wa, òun á sì fi oúnjẹ àárọ̀ kún un. Ó ní ká má san nǹkan kan sílẹ̀, ká ṣáà máa bọ̀.

"Bá mi bi í," Tẹ́lọ̀ ní, "bóyá ilẹ̀kùn yàrá ṣeé tì látinú."

Gbogbo ohun tó bi í nìyẹn. Kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè iná.

Ó yẹ kí ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Màdáámú ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, kò sì rìnrìn àjò rí láìgba àdúrà. Ní ìsìn ọjọ́rú, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ní kí wọ́n bá òun gbàdúrà, òun àti ọ̀rẹ́ òun méjì ń lọ sí Àkúrẹ́.

Nílé mi ló wá tú u sílẹ̀ ní ọjọ́bọ̀. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ torí ohùn rẹ̀ ò dé títì.

"Olùṣọ́ ìjọ wa bá ní, Àkúrẹ́ kẹ̀! Ọmọ abẹ́ àwọn ló ń ṣọ́ ìjọ wa níbẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní Ògo fún Ọlọ́run. Kí ni kí n sọ? Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pè é. Wọ́n ti tọ́jú ilé àlejò dè wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì."

"Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀?"

"Ẹní ni." Ó wolẹ̀. "Àwọn ìyá ìjọ ló máa wá pàdé wa ní gáréèjì. Ìṣọ́ òru bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì."

"Ìṣọ́ kí ni?"

"Wọ́n ní kí Tíṣà wá ka ẹ̀kọ́ Bíbélì."

Mo jókòó sílẹ̀. Ẹni tó ń wá oorun fún ọdún mẹ́rin, ẹ ní kó wá ṣe àìsùn ní Àkúrẹ́. "Sọ fún wọn pé òtẹ́ẹ̀lì la máa sùn."

"Kí n sọ fún Olùṣọ́? Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbàdúrà lé mi lórí? Tíṣà, èmi náà lẹ́bi o, má tíì bá mi wí."

Mi ò lágbára àtibá a wí, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù, torí ó ti múra sílẹ̀ fún un. Ó pe Àkúrẹ́, ó ní ara ọ̀kan nínú wa ò yá, a ò ní lè wá mọ́. Irọ́ kọ́. Wọ́n bi í lórúkọ ẹni náà kí wọ́n lè fi í sínú àdúrà. Bó ṣe di pé a ò lè wọ Àkúrẹ́ mọ́ nìyẹn, kí ìyá ìjọ kan má baà rí wa níbẹ̀.

A pe Tẹ́lọ̀. A ń bá ara wa fa ọ̀rọ̀ lórí fóònù, èmi ń sọ̀rọ̀ Ondó, Màdáámú ń sọ̀rọ̀ Iléṣà, àwọn ìlú tí a ò mọ ẹnì kan tó lè júwe òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ fún wa. Ìbàdíàrán sì máa dé lọ́jọ́ kejì. Tẹ́lọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wa.

"Tíṣà," ó ní, "yàrá ọmọ ẹ obìnrin yẹn. Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀?"

Kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Ọmọ mi wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, ọkọ mi sì ti lọ sí Abẹ́òkúta.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a lọ gbé e pẹ̀lú báàgì wa lọ́wọ́. Ìbàdíàrán jáde sin wá. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó wò wá dáadáa, ó ní, "Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Àkúrẹ́ ni, mà."

"Ẹ bá mi kí wọn o."

Mo rí i tí ojú Tẹ́lọ̀ yí padà. Mo tì í sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kó tó yí ọkàn padà. Ní Iyana-Iba, obìnrin kan tó máa ń fún Tẹ́lọ̀ láṣọ rán rí wa, ó béèrè ibi tí à ń lọ, Màdáámú tún dá a lóhùn pé Àkúrẹ́.

"Àkúrẹ́? Ọ̀nà Iba lẹ wà yìí o."

"Ọ̀nà ẹ̀yìn la fẹ́ gbà," Màdáámú ní, kẹ̀kẹ́ sì ṣí.

A dé ilé mi lọ́sàn-án. Tẹ́lọ̀ bọ́ bàtà sílẹ̀ ní pálọ̀, ó kọjá lára oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ bí ẹni pé àga ni, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó parí.

Ibẹ̀ ni ìyà tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Àkúrẹ́ la wà, torí náà a ò lè jáde. Bí ẹnì kan bá rí wa, tí Ìbàdíàrán gbọ́, ó parí náà nìyẹn. Àwa méjì jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì bí ẹni tó jalè. Èmi tí mo fẹ́ wọ yàrá tí ẹlòmíràn ti gbá, mo wá ń wo ẹrù aṣọ tí mi ò tíì ká. Mi ò sì lè fọ nǹkan kan, kí abọ́ má ba à dún. Màdáámú sì ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó rẹ̀ ẹ́ ju ẹrù rírù lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán, Màdáámú sín. Gbogbo ilé gbọ́. Kò pẹ́ tí a gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ta ló wà nínú ilé Tíṣà?" Ìyá onílé ni. "Mo ní igi lọ́wọ́ o!"

Mo ṣílẹ̀kùn díẹ̀. "Èmi ni, mà. Ẹ má bínú."

Wọ́n wò mí. "Ṣebí ìwọ lo ní ò ń lọ sí Àkúrẹ́?"

"A ò lọ mọ́, mà. Ẹnì kan ló ń sùn."

"Ara rẹ̀ ò yá?"

"Ara rẹ̀ yá, mà. Oorun ló ń sùn. Ó ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀, màmá náà kì í sùn lóru."

Mo ń retí ìbéèrè, torí Ìyá onílé kì í fi ìbéèrè ṣeré. Wọ́n gbé igi wọn sọ́wọ́ kejì.

"Ìgbà wo ló ti wọlé?"

"Láti ọ̀sán àná, mà."

"Kò tíì tó," wọ́n ní, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ni wọ́n ni ẹ̀rọ ìlọta tó wà níwájú ilé, tó máa ń pariwo láti àárọ̀ títí ọjọ́ á fi rọ̀, pàápàá ní Sátidé. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àwọn tó tò pẹ̀lú ike ata pé ẹ̀rọ fẹ́ sinmi, kí wọ́n lọ sí òpópónà kejì. Àwọn ènìyàn kùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ náà kú, adúgbò sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló jí Tẹ́lọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí, ó yọjú síta, ìlà ìrọ̀rí wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti bọ́.

"Màmá dà? Kí ló dé tí ibí dákẹ́?"

"Ilé mi lo wà," mo ní. "Màmá wà lọ́dọ̀ Ìbàdíàrán. Kò sẹ́ni tó pè."

Ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo rò pé ó máa ní òun ń lọ sílé. Màdáámú náà rò ó, mo rí i bó ṣe dìde lórí àga.

"Ọjọ́ wo lòní?"

"Sátidé."

"Àárọ̀?"

"Ọ̀sán. Ọ̀la nírọ̀lẹ́ lo máa tó lọ."

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ̀ wá, ó pe èmi ní Tíṣà, ó pe Màdáámú ní oníjàngbọ̀n. Ó yán gan-an. "Ó ṣì kù nìyẹn," ó ní, ó sì padà wọlé lọ sùn.