Gìrì Tí Màmá Florence Fi Pamọ́

Yàrá Màmá Florence (Florence ni orúkọ tiwọn gan-an) ló kángun sí tèmi ní Okokomaiko. Gbogbo Sátidé ni Rótìmí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, máa ń kó Tósìn ìyàwó rẹ̀ àti Moyinolúwa ọmọ wọn wá láti Ìbà Estate. Ariwo wọn kì í jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án. Mo máa ń kùn nígbà náà. Ojú ń tì mí báyìí.

Moyin pé ọmọ oṣù mẹ́rìnlá nígbà tí gìrì kọ́kọ́ mú un. Ara rẹ̀ kò tíì gbóná púpọ̀ tí ojú rẹ̀ fi yí sókè, tó ń gbọ̀n. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù kan lọ́nà Ọ̀jọ́. Èmi ni mo sin Màmá lọ bá wọn.

Ara ọmọ ti balẹ̀ nígbà tá a débẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá béèrè pé, "Ta ni gìrì mú rí ní kékeré nínú ẹ̀yin òbí rẹ̀?"

Tósìn ní kò mú òun rí. Rótìmí rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Kò sí gìrì nínú ẹbí wa. Ẹ bi màmá mi."

Inú máa ń bí mi sí àwa tá a máa ń fi àìsàn ọmọdé pamọ́ bí ẹni pé olè ni ọmọ jà. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni gìrì mú Rótìmí nígbà tó wà lọ́mọdé. Bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn, Màmá ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná kó lè jí. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ jó, àpá náà kò sì lọ. Màmá sọ fún Rótìmí pé aládùúgbò kan ló da omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀. Rótìmí kò kí aládùúgbò yẹn títí obìnrin náà fi kú.

Màmá lè dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ti fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí, Rótìmí yìí sì ni gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má tíì kọ ọ́," ni Màmá wí. "Ó mú bàbá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Rótìmí, kì í ṣe omi gbígbóná. Èmi ni mo ki ẹsẹ̀ rẹ bọná."

Rótìmí ń wo bàtà rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé pé nígbà tó ti mú bàbá rí, tí ọmọ kò tíì pé oṣù méjìdínlógún, tí ara rẹ̀ kò sì gbóná púpọ̀ kó tó dé, gìrì náà lè padà wá. "Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, ma. Bó bá tún dé, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má gbé e súnmọ́ iná. Ẹ wo aago. Bó bá ti ń di ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa sáré bọ̀. Bó bá sì tètè lọ, ẹ ṣì gbé e wá ká yẹ̀ ẹ́ wò."

Sátidé tó tẹ̀lé e, wọn ò wá. Èyí tó tún tẹ̀lé e, wọn ò wá. Màmá á wẹ̀, wọ́n á wọṣọ, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí di ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń gbé àga mi lọ tì wọ́n, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń retí. Ó ń dùn mí fún wọn.

Nínú oṣù kejì sí ìgbà yẹn, Tósìn pè nígbà tí mo jókòó ti Màmá pẹ́kípẹ́kí. "Màmá, ó tún mú Moyin láàárọ̀ yìí. Mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, mo wo aago. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. A ti wà lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ó ń jẹ bísíkíìtì. Ká ní ẹ ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni, ṣíbí ni mi ò bá sáré mú. Ẹ ṣé, ma."

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbí, ma. Rótìmí, Màmá ń béèrè ẹ."

A gbọ́ tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. A wá gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé.

"Kò burú," ni Màmá wí. "Bá mi gbé Moyin mọ́ra."

Tósìn ti pa fóònù tirẹ̀. Màmá kò gbé tiwọn kúrò létí.