Ìjókòó Wàsíù Lórí Kẹ̀kẹ́ Bàámi

Lánàá, ọkùnrin kan ń fi gírísì pa ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere lẹ́bàá ọ̀nà ní Mushin. Bí mo ṣe gbọ́ òórùn gírísì náà, mo dúró. Ọ̀sán kan tí mo wà ní kékeré ni mo rántí.

Káfíńtà ni Bàámi. Àwọn ni wọ́n kan ìjókòó kékeré fún Wàsíù, àbúrò mi, tí wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ wọn. Bí a bá ti ń lọ, Wàsíù á máa ké "píì-píì!" sí àwọn mọ́tò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwọn èèyàn kún iwájú ilé wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni mo ti bá Bàámi, wọ́n ń fi sípánà tú ìjókòó náà.

"Bàámi, ṣé ó ti ń mì ni?"

Wọ́n tún yí sípánà náà.

"Ẹ fún un le dáadáa o, kí Wàsíù má baà jábọ́ tó bá dé láti ọsibítù."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ tó kún fún gírísì bojú.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti sin Wàsíù láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣa àwọn nọ́ọ̀tì tó fọ́n sílẹ̀, mo sì ń kó wọn lé Bàámi lọ́wọ́, kí wọ́n lè de ìjókòó náà padà.