Okùn Tí Mo Fi So Ọkọ̀

Oko ìyá àgbà kì í ṣe erékùṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ la fi ń rìn débẹ̀ láti ẹ̀yìn Ìjù-Odò, ìlú wa. A ó gba àárín ọ̀pẹ kọjá, a ó fo odò kan tí kò ju kòtò lọ, a ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀ débi tí ilẹ̀ kò lè mu mọ́, odò yẹn á tàn káàkiri, á yí òkè kékeré náà ká, oko á wá dá dúró láàárín omi bí àwo tó léfòó.

Lọ́dún tí mo ń retí ìwé ìpè àwọn àgùnbánirọ̀, ìyá mi rán mi pé kí n lọ mú ìyá àgbà wálé. Màmá là ń pè wọ́n. Rédíò ti ń sọ̀rọ̀ omíyalé fún ọjọ́ mẹ́ta, orúnkún òsì Màmá ń dùn wọ́n, wọn kò sì lè wọ́ omi kọjá mọ́. Ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo ló wà, èmi ni mo wà á lọ.

Mo tètè gbà láti lọ, kì í ṣe nítorí pé mo láyà. Ẹni tó ti jáde ní yunifásítì tí kò tíì rí nǹkan kan ṣe máa ń fẹ́ kí wọ́n rán òun níṣẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo wúlò. Mo mọ̀ pé ohun kékeré ni, àmọ́ mo rù ú sínú bí ẹrù.

Èéfín ni mo kọ́kọ́ rí. Kùrukùru wà lórí omi, èéfín ahéré náà sì dà pọ̀ mọ́ ọn, n kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Màmá jókòó ti iná, púpurú tò lórí àjà lókè iná bí orí ọmọ ọwọ́. Gbágùúdá tí wọ́n rẹ sínú omi, tí wọ́n fún, tí wọ́n sì mọ róbótó ni púpurú. Tí iná bá kú lábẹ́ rẹ̀ kó tó gbẹ, yóò bu.

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Fóònù sọ pé òjò ńlá ń bọ̀.”

“Ṣé fóònù sọ fún ọ pé púpurú mi ti gbẹ?”

“Fóònù ò mọ̀ nípa púpurú, Màmá.”

“Kí ló wá mọ̀?”

Wọ́n fi ẹnu júwe kùkùté kan létí omi, èyí tí wọ́n máa ń jókòó lé fọ gbágùúdá. Wọ́n ní tí omi bá bo orí kùkùté náà, a ó lọ, púpurú ì báà gbẹ tàbí kó má gbẹ. Ìlérí ni, mo sì dì í mú.

Gbogbo ọjọ́ náà, ojú ọ̀run kò mọ ohun tó fẹ́. Oòrùn á yọ, òjò wínníwínní á tẹ̀ lé e, oòrùn á tún yọ sínú òjò náà. Mo lọ wo kùkùté ní ìgbà tí n kò lè kà. Tí mo bá dé ibẹ̀ tí omi kò tíì dé ìdajì rẹ̀, ara á tù mí. Tí mo bá padà dé ìdí iná, ẹ̀rù á tún bà mí. Ó dà bí ẹni pé wíwò tí mo ń wò ó ni kò jẹ́ kí omi gòkè.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo lọ so ọkọ̀. Mo fà á mọ́ ìdí ọ̀pẹ kan títí imú rẹ̀ fi kan igi. Mo ta kókó mẹ́rin, mo sì fi gbogbo okùn tó ṣẹ́kù wé ìdí ọ̀pẹ náà tó fi tán. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rò ó pé ohun tí a bá fẹ́ràn, tí a sì ń bẹ̀rù pé kó má lọ, dídì í mọ́ra pinpin ni ìtọ́jú rẹ̀.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Mo sùn sínú ìró rẹ̀, kò sì yé mi bóyá orí páànù ló ń rọ̀ sí tàbí inú oorun mi.

Lówùúrọ̀, n kò rí kùkùté mọ́. N kò rí ọkọ̀ náà. Ọ̀pẹ mi dúró sínú omi, nítòsí rẹ̀ ni ìdí ọkọ̀ yọ díẹ̀, dúdú, bí ẹ̀yìn ẹja tó ń sùn. Ohun tó ń ṣe mí ju ẹ̀rù lọ; ìtìjú wà nínú rẹ̀, àti ìbínú sí òjò, àti ìfẹ́ pé kí n ṣì máa sùn.

Màmá wà nínú sùtánà funfun wọn, wọ́n ń gbàdúrà òwúrọ̀ lọ́wọ́. Mo dúró títí wọ́n fi ṣe àmín.

“Màmá, ọkọ̀ ti rì.”

“Báwo lo ṣe so ó?”

“Mo so ó dáadáa. Kókó mẹ́rin. Mo fà á mọ́ igi.”

“Okùn tó kù ńkọ́?”

“Mo fi wé igi náà.”

Wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Bí ewúrẹ́ Kérésìmesì. Omi gòkè, ọkọ̀ fẹ́ bá a gòkè, o ní kò gbọdọ̀ lọ. Kí ló fẹ́ ṣe ju kó mu omi lọ?”

Ẹ̀rín kò pa mí. Omi ti ń yọ́ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ahéré, ilẹ̀ kankan kò sì ga ju ibẹ̀ lọ. Màmá na ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bẹ gbágùúdá sí mi. “Lọ gé e. Igi ni, kò gbàgbé bí wọ́n ṣe ń léfòó.”

Omi náà dé àyà mi, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, èyí tí n kò retí. Mo fi ẹsẹ̀ wá okùn; ó le gan-an bí irin. Mo rẹ́ ẹ títí apá fi ń ro mí. Nígbà tó já, ọkọ̀ kò fò sókè. Ó gòkè jẹ́ẹ́jẹ́, omi kún inú rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè lójú oorun tó ń ronú bóyá kí òun jẹ́. Mo fà á wá sí ibi tí omi kò ti jìn, mo ń fi igbá gbọ́n ọn, Màmá sì ń kó púpurú sínú apẹ̀rẹ̀. Iná kú nígbà tí omi wọlé dé ìdí ààrò. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ṣe ṣíì, wọn kò bojú wẹ̀yìn.

Mo wa ọkọ̀ gba orí ọ̀nà tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ebè gbágùúdá wà lábẹ́ wa, ewé wọn ń mì nínú omi bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ nísàlẹ̀. Màmá di apẹ̀rẹ̀ mú lórí itan. Tí mo bá ń rántí rẹ̀ báyìí, n kì í gbọ́ ìró kankan, ti àjẹ̀ pàápàá.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ lẹ́yìn Ìjù-Odò, mo gbé Màmá sọ̀ kalẹ̀, mo wá fẹ́ so ọkọ̀. Okùn tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju gígùn apá kan lọ. Mo tún ti ń fà á mọ́ igi.

“Dúró,” ni Màmá wí. Wọ́n tú àmùrè sùtánà wọn, wọ́n na án sí mi.

“Màmá, àmùrè àdúrà?”

“Ṣé àdúrà kọ́ la ń gbà láti àárọ̀? So ó mọ́ okùn.”

Mo so ó, mo ta kókó kan ṣoṣo mọ́ igi, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ lórí omi. “Ṣé ó tó báyìí?”

“Jẹ́ kí omi dá ọ lóhùn.”

Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ń retí wa nílé, àmọ́ a jókòó sórí koríko, apẹ̀rẹ̀ púpurú láàárín wa, ó ṣì ń gbóná díẹ̀. A ń wo àmùrè funfun náà bó ṣe ń ká tó sì ń na lórí omi pupa. Ọkọ̀ gòkè díẹ̀, àmùrè náà sì tẹ̀ lé e.